Ọjọ́ Tí Mo Yẹ̀ fún Daddy Nídìí Máíkì

Ẹni tó bá mọ ilé wa ní Ellenwood nílùú òyìnbó láyé ìgbà yẹn, etí ló fi máa mọ̀ ọ́n kí ojú ẹ̀ tó rí i. Ìró àkọ́kọ́ láàárọ̀ ni ti ilẹ̀kùn garage, tó máa ń ké bí ẹni tí eyín ń dùn nígbà tí Daddy bá ń jáde lọ sí shift wọn ní pápákọ̀ òfuurufú, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù èrò sínú bàálù. Èyí tó tẹ̀lé e ni ohùn Màmá Àgbà, ìyá tó bí Daddy, tí wọ́n wá kí wa láti Ìbàdàn fún oṣù mẹ́ta tí wọ́n sì lo ọdún méje. Wọ́n á máa gbàdúrà ní yàrá ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń bá alájọgbélé ṣẹjọ́: "Mo ti sọ eléyìí fún Yín lánàá, Olúwa." Lẹ́yìn náà ẹ ó gbọ́ omi tí Mummy ń bù sínú ìkòkò ògì, ẹ ó sì gbọ́ orúkọ mi, torí èmi ló máa ń gbàgbé láti gbé garbage síwájú ilé. Lọ́dún tí mo pé mọ́kànlá ni ìró mìíràn wọlé tọ̀ wá, òun ni mo sì fẹ́ sọ. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Forklift ni mò ń wà ní Fairburn, àpótí ni mò ń gbé láti ibì kan sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí tó láti kọ eléyìí fúnra mi, mi ò ní ní kí ẹlòmíì bá mi kọ ọ́.

Mister Hollis ló kó ìró yẹn wá. Bàbá òyìnbó ni wọ́n, ilé wọn ló wà nígun ọ̀nà, Mummy wa ló sì tọ́jú ìyàwó wọn títí tí ìyá náà fi kú. Oṣù kejì lẹ́yìn ìsìnkú, bàbá gbé truck wọn wá síwájú ilé wa, wọ́n sì sọ ohun èlò orin mẹ́rin kalẹ̀ nínú àpótí wọn, gbogbo wọn olókùn: gìtá, màńdólíìnì kékeré tó rí bí omijé, béèsì tó ga ju Mummy lọ, àti fayolín kan tí Daddy sọ lórúkọ lójú ẹsẹ̀ pé gòjé òyìnbó. Bàbá ní ìyàwó àwọn ló máa ń kọrin sí wọn, àwọn ò lè máa rí wọn nínú ilé mọ́. Daddy dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí driveway láti dúpẹ́. Mister Hollis rò pé ọkàn Daddy ló dáwọ́ dúró. Bàbá kúnlẹ̀ ti Daddy, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀wù Daddy, wọ́n ń kígbe pé kí ẹnì kan pe 911, Daddy sì ń sọ nínú kọ́ńkéré pé, "Thank you, sir. Thank you, sir." Báyìí ni ìgbésí ayé band wa ṣe bẹ̀rẹ̀, nínú àṣìgbọ́yé, lórí ilẹ̀.

Bluegrass ni wọ́n ń pe orin náà. Orin àwọn òyìnbó orí òkè ni. Kò sí ìlù níbẹ̀, kò sí iná mànàmáná, okùn ni gbogbo ẹ̀. Ọwọ́ á máa sáré bí ẹni tí òjò ń lé, àmọ́ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ á máa jẹ́ ti ìyá tó kú àti ilé tó jìnnà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Mister Hollis kọ ọ́ fún wa, Màmá Àgbà gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ẹ wò wọ́n o. Ẹkún ni wọ́n ń sun, ẹsẹ̀ wọn sì ń jó." Daddy ti ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì rí ní Ìbàdàn, wọ́n mú gìtá. Mummy mú béèsì, torí pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ, ohun tó bá tóbi nínú ilé yìí, ọ̀dọ̀ àwọn náà ló máa padà bọ́ sí. Mo gba màńdólíìnì nítorí èmi ni mo kéré jù. Gòjé kan Sister Bùnmi. Ọdún mẹ́rin ló fi jù mí lọ, Sister ni mò ń pè é, àmọ́ "ìwọ" là ń pe ara wa bí a bá ń jà, a sì máa ń jà dáadáa.

Inú garage la ti ń kọ́ ọ, láàárín fíríísà àti àpò ìrẹsì, láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nígbà tí school bus bá ti já wa sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Mummy kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan okùn àfi tí iṣẹ́ ilé bá ti parí. Ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín ni tèmi, kí n bó o títí ìka mi á fi rún bí ti arúgbó. Màmá Àgbà á gbé àga wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríísà, wọ́n á gbé àtẹ ẹ̀gúsí sórí itan, wọ́n á máa pa á. Ọwọ́ wọn ni adájọ́ wa. Bí orin bá burú, ẹ̀gúsí á máa lọ, kẹ́rẹ́ kẹ́rẹ́. Bó bá dáa, ọwọ́ á dúró. Nígbà tí màńdólíìnì mi bá ń dún, Màmá Àgbà lè pa kọ́ńgò kan tán. Nígbà tí Sister Bùnmi bá gbé gòjé sí èjìká, ọwọ́ yẹn á dúró lójijì, ẹ̀gúsí á wà láàárín ìka méjì, kò ní lọ, kò ní bọ̀. Èmi náà á gbàgbé pé èmi àti òun la jọ jà lórí remote láàárọ̀.

Ohun kan wà nínú orin náà tó fẹ́ẹ̀ lé wa padà. Máíkì kan ṣoṣo ni gbogbo ẹgbẹ́ ń lò. Wọ́n á rọ̀gbà yí i ká, ẹni tí orin bá kàn á wọlé síwájú, á ta tirẹ̀, á sì yẹ̀ kúrò fún ẹlòmíràn. Bí okùn ẹnì kan bá já, ẹni tó tẹ̀lé e gbọ́dọ̀ wọlé kíákíá kó máa ta á lọ títí onítọ̀hún á fi pààrọ̀ okùn, kí orin má kú. Mister Hollis fi igi ìgbálẹ̀ ṣe máíkì fún wa láàárín garage. Wọ́n ní kí n wọlé. Daddy ló wà lọ́nà. Mo dúró. Ọmọ wo ló máa gba iwájú bàbá ẹ̀ kọjá kó lọ kọ̀yìn sí i? Sister Bùnmi ní tiẹ̀ kúnlẹ̀ ná, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà," kó tó wọlé, nígbà tó fi máa dìde, orin ti lọ. Mister Hollis rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí àpò ìrẹsì. Màmá Àgbà ló dá ẹjọ́ náà, wọn ò tiẹ̀ gbé ojú kúrò lára ẹ̀gúsí: "Ẹni tí orin bá kàn, òun làgbà. Tó bá ti ta tiẹ̀ tán, kó padà di ọmọdé." Gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀. Èmi náà fẹnu gbà. Nínú mi, mo fẹ́ràn ìṣòro yẹn ju ojútùú ẹ̀ lọ. Ẹ̀rù máíkì ń bà mí bí ẹ̀rù ajá, kódà nígbà tó jẹ́ igi ìgbálẹ̀, ọ̀wọ̀ àgbà sì ni ibi ìfarapamọ́ tó mọ́ jù lọ tí ọmọ Yorùbá lè rí.

Bí mo ṣe ń bẹ̀rù tó náà ni òkìkí wa ń kàn, níwọ̀n bí òkìkí ilé ṣe lè kàn. A kọ́kọ́ ta á ní ṣọ́ọ̀ṣì Mister Hollis, tẹ̀lé e ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí Mummy ń ṣiṣẹ́, níbi tí bàbá kan ti sùn lọ tó sì ń fi oorun pàtẹ́wọ́. A ta á ní library. A ta á nínú abà olóko kan tí màlúù ti wò wá láti ojú fèrèsé pẹ̀lú ojú àánú. Nígbà tó kan ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, tí gbogbo wa dé fìlà bíi ti àwọn darandaran òyìnbó, àwọn àgbààgbà kí Daddy lẹ́yìn ìsìn: "Brother, ẹ kú iṣẹ́ o. Màlúù dà? Ẹ so ó mọ́ ìta ni?" Daddy dá wọn lóhùn pé, "Ó wà ní parking lot. Jeep yín ló ń jẹ." Daddy rẹ́rìn-ín, mi ò lè rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ Sunday school ti rí mi pẹ̀lú fìlà etí gbígbòòrò lórí, láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti wọlé, wọ́n á máa ṣe bí ẹni gun ẹṣin. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà pé kí ìka mi kan ṣẹ́, èyí tí kò ní dùn mí jù.

Sister Bùnmi kò rí ẹṣin tàbí màlúù. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ó sì ti mọ ohun tó fẹ́ fi ayé ẹ̀ ṣe. Daddy náà mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó fi ṣe: nọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ yẹn ń lọ ó ń bọ̀ nílé wa, títí Mister Hollis fi sọ pé obìnrin kan tó ń kọ́ni ní gòjé ní college máa wá sí festival kan lórí òkè, àwọn sì ti sọ̀rọ̀ Bùnmi fún un. Bó bá fẹ́ràn ohun tó gbọ́, á máa kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́, á sì bá a wá ọ̀nà wọ college yẹn. Daddy ro ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, nídìí oúnjẹ, wọ́n ní, "Bùnmi, bí obìnrin yẹn bá fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ọwọ́ rẹ dáa, mi ò ní bá ọ jà mọ́. Bí kò bá sọ ọ́, gòjé á wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wàá sì ṣe nọ́ọ̀sì láìwo ẹ̀yìn. Ṣé a gbà?" Sister Bùnmi kúnlẹ̀. Ó ní, "A gbà, sà." Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó bá mi bó ẹ̀wà mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́.

Ọ̀sán Sátidé ni. Wákàtí méjì la fi wa van dé orí òkè náà. Orin mẹ́ta ni wọ́n fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kẹta sì ni Daddy fi sílẹ̀ fún Sister Bùnmi, kó lè fi han obìnrin náà. Mister Hollis tọ́ka ẹ̀ sí wa láti ẹ̀gbẹ́ pèpéle: obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan pẹ̀lú ìwé lórí itan, ní ìlà kejì. Àga tó wà lẹ́yìn ẹ̀ tò bí eyín àgbàdo. Àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ìkejì lọ dáadáa. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, Sister Bùnmi wọlé sídìí máíkì, ó fa ọrun lé okùn, kò tíì ta á tó ìgbà tí èèyàn máa fi ka ogún tí okùn fi já, tó fò sókè bí irun. Kò bẹ̀rù. Ó sún sẹ́yìn, ó ti ń tọwọ́ bọ àpò fún okùn mìíràn. Ó wò mí, ó fi àgbọ̀n júwe máíkì fún mi. Èmi lorin kàn. Mo mọ orin náà, ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n, mo lè ta á lójú oorun. Nígbà náà ni mo wo àwọn àga yẹn, èèyàn kún gbogbo wọn. Ẹsẹ̀ mi kò lọ síwájú. Ó yí sí Daddy. Mo tẹ̀ ba, mo fọwọ́ kan ilẹ̀, mo sì sọ kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ pé, "Daddy, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ máa lọ, sà."

Àwọn òyìnbó fẹ́ràn ẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn obìnrin ní "aww". Àtẹ́wọ́ yẹn ló ti ilẹ̀kùn mọ́ Daddy, torí kò sí bí wọ́n ṣe lè kọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo wa la mọ̀ pé Daddy ò mọ̀ ju kí wọ́n máa na gìtá lẹ́yìn orin, kí orin lè ní ẹsẹ̀. Wọn ò tíì dá ta orin kankan rí. Wọ́n wọlé. Wọ́n rìn díẹ̀, ìka wọn kọsẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún dojú dé. Béèsì Mummy nìkan ló ń lọ, gúdù, gúdù, bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn nínú ilé tí kò sí èèyàn. Òógùn já bọ́ láti imú Daddy sórí máíkì, a sì gbọ́ ọ bó ṣe ró. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lára gìtá, wọ́n sọ fún àwọn òyìnbó yẹn pé, "Ẹ ṣeun," wọ́n sì sọ̀kalẹ̀. A ò tíì di gìtá tán tí Daddy ti ń pè wá pé ká wọ van. Mister Hollis sọ fún Mummy lọ́sẹ̀ kejì pé obìnrin yẹn wá sẹ́yìn pèpéle, pé ó dúró díẹ̀, kò rí ẹnikẹ́ni bá.

Daddy ló wa van náà dé ọ̀nà ńlá. Wọ́n wá wò mí nínú dígí. "Láńre, ìwọ lorin kàn. Kí ló dé tí o ò wọlé?" Ohùn wọn kò le. Ká ní mo sọ pé ẹ̀rù bà mí, mo mọ̀ nísinsìnyí pé ẹ̀rín ni wọ́n máa rín. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Sister Bùnmi ló mi orí sí mi, sà. Ó fẹ́ kí n fi máíkì sílẹ̀ fún òun. Ni mo bá fi ọ̀wọ̀ yẹ̀ fún yín." Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ó tò wálẹ̀ létòlétò, bí ẹni tó ti wẹ̀ tó sì ti múra.

Sister Bùnmi ní, "Daddy, mi ò mi orí."

"Ṣé àbúrò rẹ ń purọ́ ni?"

Ó yíjú sí mi, ó ń retí. Mo ń ka àwọn truck tó ń kọjá.

Daddy ní, "Mo ti mọ̀. Mo ti rí i pé gòjé yìí ti gun ọmọ yìí lórí. O fẹ́ máíkì fún ara rẹ nìkan débi pé o jẹ́ kí bàbá rẹ tẹ́ lójú ayé." Mummy ní, "Bàbá Bùnmi, ẹ jẹ́ ká délé ná." Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti délé ṣáájú wa. Nígbà tí a débẹ̀, Màmá Àgbà pè mí sí yàrá wọn. "Láńre, ṣé bó ṣe rí nìyẹn?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Wọ́n wò mí pẹ́. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹyin lọ̀rọ̀. Dì í mú dáadáa."

Ìrẹsì àti adìyẹ la jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nílé wa, iwe adìyẹ kì í kúrò nínú àwo Daddy; èèyàn lè dàgbà kó lọ́kọ nílé yẹn láìmọ bó ṣe rí lẹ́nu. Daddy fi ṣíbí gbé e, wọ́n sọ ọ́ sínú àwo tèmi lójú gbogbo ènìyàn. Wọ́n ní, "Ọmọ tó mọ̀wọ̀ àgbà." Mo jẹ ẹ́. Àwọn kan máa ń sọ pé ìtìjú a máa há èèyàn lọ́fun. Irọ́ ni. Ó dùn. Sister Bùnmi fọ àwo, títí kan tèmi, ó sì gbé gòjé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Ẹgbẹ́ orin tí kò ní gòjé kò ju ẹbí tó ń pariwo lọ. Kí Kérésì tó dé, Mister Hollis ti wá kó ohun èlò wọn, gbogbo ẹ̀ àfi gòjé, tí wọ́n ní ọkàn àwọn ò gbà á láti gbé. Fìlà yẹn kúrò lórí mi. Inú mi dùn, mo ní kí n má purọ́ kejì.

Nọ́ọ̀sì ni Sister Bùnmi lónìí, nọ́ọ̀sì tó dáńtọ́, ó kọ́lé sí Grayson, ọmọ méjì ló bí. Òun náà ló tọ́jú Daddy nígbà tí àìsàn wọn le. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, Daddy di ọwọ́ ẹ̀ mú lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní, "Bùnmi, ọ̀rọ̀ orí òkè ọjọ́sí, mo ti dárí jì ọ́. Mi ò fẹ́ gbé e lọ." Ọmọ ogójì ọdún ó lé kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ hospital pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó ní, "Ẹ ṣé, Daddy." Mo wà níbẹ̀. Ìrọ̀rí Daddy ni mò ń tún ṣe. Mo tún un ṣe dáadáa.

Daddy lọ, ìtàn wọn kò lọ. Wọ́n ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ-ọmọ ní àìmọye ìgbà, ó ti di àwàdà. Ní Sunday tó kọjá, a wà nídìí oúnjẹ ní Grayson, Tómi, àkọ́bí Sister Bùnmi, tó ń sọ Yorùbá bí ẹni ń rìn lórí yìnyín, tún gbé e dé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un sí orchestra school wọn. "Uncle Láńre, ṣé òótọ́ ni pé Mummy ló ba band yín jẹ́? Grandpa sọ pé wọ́n fẹ́ mic for themselves." Àbúrò ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Sister Bùnmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti ń rín sí i láti ọdún wọ̀nyí, ó ní, "Tómi, jẹ oúnjẹ rẹ."

Mo la ẹnu láti rẹ́rìn-ín tèmi. Ó kọ̀ láti jáde. Mo ní, "Kì í ṣe Mummy yín. Èmi ni."

"Ẹ̀yin kẹ̀, Uncle?"

Mo sọ ọ́, láti orí okùn tó já dé orí iwe adìyẹ. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Sister Bùnmi kò wò mí. Ìrẹsì ló ń bù, ó bù ú títí ó fi kún àwo tí kò sẹ́ni tó ni ín.

Tómi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "So Mummy, ẹ ò ráyè pààrọ̀ string yẹn?"

"Mo pààrọ̀ ẹ̀," ni Sister Bùnmi wí. Ó gbé ṣíbí kalẹ̀. "Daddy ò tíì ta á dé ìdajì tí mo fi ṣe é tán. Mo ti tún un ṣe, mo ti gbé e sí èjìká. Mo dúró."

"Kí ló dé tí ẹ ò wọlé?"

"Daddy ló wà nídìí máíkì, Tómi. Ibo ni mo fẹ́ gbà kọjá níwájú wọn? Mo kàn ń retí kí ẹnì kan bojú wẹ̀yìn, kó rí i pé mo ti ṣe tán, kó sọ fún wọn."

Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù lórí pèpéle yẹn. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi ló wà. Bàtà mi ni mò ń wò.